Olorì Inú Àgbá

"Ẹ má ti ara yín o! Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ rọra. Ó ti tó ẹgbẹ̀jọ ọdún tí pósí yìí ti wà níbí, kò ní dìde sá lọ."

Ọmọbìnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí, Nagira lorúkọ rẹ̀. Awalẹ̀pìtàn ni, òun ló sì ṣáájú àwọn tó ń walẹ̀ ní òkìtì Nezuka, ibojì ìgbàanì kan, láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ti há. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ti ń fi gbohùngbohùn ṣàlàyé ohun kan náà fún ogún èèyàn, ogún èèyàn, nítorí pé ọjọ́ náà nìkan ni wọ́n ṣí ibojì náà sílẹ̀ fún ará ìlú láti wá wò. Tó bá di ọjọ́ Ajé, wọn á da iyẹ̀pẹ̀ padà lé e lórí, ó di gbére.

Sugie wà láàárín ìlà pẹ̀lú akoto ike kan tó tóbi jù fún orí rẹ̀. Ìyàwó ilé Sadakane ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Òun àti àwọn obìnrin àdúgbò ló ń bu tíì fún àlejò láti òwúrọ̀, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àwọn náà láti sọ̀ kalẹ̀ wá wòran. Ọ̀gbẹ́ni Obara, alága àdúgbò, ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ń na ọrùn bí ẹni pé òun ló sin òkú náà.

"Ẹ wo ìdérí pósí yìí," ni Nagira wí. "Ẹyọ òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n ṣe é bí òrùlé. Ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ní àmì dúdú wẹ́wẹ́ lára. Kò sí irú òkúta yìí ní gbogbo agbègbè wa. Láti erékùṣù Kyushu ni wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá."

"Kyushu!" ni Obara ké. "Ó mà jìnnà o!"

"Ó jìnnà gan-an, Bàbá. Kókó mẹ́fà ni wọ́n gbẹ́ sí i lára, àwọn tó yọ síta yìí. Òun ni wọ́n so okùn mọ́ tí wọ́n fi fà á. Mẹ́ta wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, ẹ bá mi kà á."

Gbogbo wọn kà á. Ó jẹ́ méjì. Ibi tó yẹ kí ìkẹta wà, ojú egbò ló kù síbẹ̀, ó rí págunpàgun.

"Ẹnì kan fi irin fọ́ ọ," ni Nagira wí. "Kò sì tíì pẹ́ púpọ̀, torí ojú ibi tó ti ṣẹ́ kò tíì gbó. Kò lè tó ọgọ́rùn-ún ọdún. A ti jọ gbogbo iyẹ̀pẹ̀ ibí yìí nínú asẹ́, ọwọ́ mi ti bó. A ò rí i. Ká ní a rí i ni, ìdérí wa ì bá pé ká tó bò ó mọ́lẹ̀."

"Mo mọ àwọn tó jí i," ni Obara wí, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Àwọn ará òdìkejì odò ni. Ìgbà wo ni wọn ò jalè rí? Ẹni bá gbọ́wọ́ lé ohun ìní òkú, ìran rẹ̀ ni yóò máa san án. Kí ojú ó ti wọn níbikíbi tí wọ́n bá wà!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Sugie náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ti la ẹnu, ni ojú rẹ̀ bá tún lọ sí ara òkúta náà. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó ní àmì dúdú wẹ́wẹ́.

Ó mọ òkúta yìí. Kì í ṣe pé ó jọ èyí tó mọ̀ o. Láti ọdún méjìdínlógójì tó ti wọlé ọkọ, kò sí ìgbà òtútù kan tí kò gbé e. Òun ni wọ́n fi ń tẹ ewébẹ̀ oníyọ̀ nílé Sadakane. Wọ́n á sá daikon, gbòǹgbò funfun gígùn kan, sí abẹ́ òrùlé títí yóò fi rọ, wọ́n á tò ó sínú àgbá pẹ̀lú iyọ̀ àti èèrí ìrẹsì, wọ́n á fi ọmọrí igi bò ó, wọ́n á wá gbé òkúta lé e kó lè tẹ̀ ẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi yọ. Òkúta roboto kan ni, ó gùn níwọ̀nba, ó sì wúwo tó odidi ọmọ ọdún méjì. Apá kan rẹ̀ ń dán, apá kejì rí págunpàgun. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ó bi ìyá ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tó mú kí òkúta náà pọ́n, ìyá ní omi èso pọ́ọ̀mù oníyọ̀ ló ràn án lára.

Ohun mìíràn wá dé sí i lọ́kàn. Olorì ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń pe òkúta yẹn. "Ìyàwó, lọ gbé Olorì wá." "Ìyàwó, ṣé o ti wẹ Olorì?" Lọ́jọ́ ọdún tuntun, ìyá a máa gbé ife ọtí ìrẹsì kékeré kan síwájú rẹ̀, yóò sì gbé ọsàn kékeré kan lé e lórí. Sugie ti rò pé àwàdà ni. Ó tilẹ̀ ti rò pé gbogbo ilé àgbègbè ibẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìlú mìíràn lòun ti wá.

"Ìyá Ryohei, ṣé kò sí nǹkan?" Nagira ló di apá rẹ̀ mú. "Ojú yín funfun. Ẹ wá jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé daikon wá fún wa ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí nǹkan kan bá ṣe yín, kí la fẹ́ fi jẹ ìrẹsì?"

Ìyẹn ló tún wá dá kún un. Fún oṣù méjì gbáko ni ọmọbìnrin yìí ti ń wá òkúta nínú erùpẹ̀, tí yóò sì tún jókòó lọ́sàn-án máa jẹ ohun tí òkúta náà tẹ̀. Ojú ti Sugie débi pé ó fẹ́ fi akoto bo ojú.

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi," ló wí. "Mo fẹ́ sáré lọ gbé ìyá wa wá ni. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ wá wò ó."

Òótọ́ sì ni. Kinu, ìyá ọkọ rẹ̀, ti pé àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì ti ń pariwo láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé bí ẹnikẹ́ni kò bá fi àga onítáyà ti òun dé òkìtì, òun á rákòrò lọ. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nílé. Tadao, ọmọ Kinu, ọkọ Sugie, ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ryohei, ọmọ wọn, ń ṣiṣẹ́ ní Osaka.

Bó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wọn lọ sílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń yí i lórí. Tí òun bá sọ, ìyá arúgbó tí gbogbo àdúgbò ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ yóò di ìyá olè ibojì lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, Obara á sì fi ẹnu gbé e kiri títí dé ọjà. Tí òun kò bá sì sọ, ọjọ́ Ajé ń bọ̀, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ lé ìdérí náà láìpé, òun á sì máa tẹ daikon lọ pẹ̀lú ohun tí òun mọ̀. Báwo lòun yóò ṣe máa bu ewébẹ̀ náà jẹ?

Kò wọ inú ilé. Inú àká ló gbà lọ tààrà. Ó gbé òkúta kúrò lórí àgbá, ó yí i padà, ó fi ìka wọ́ ojú ibi tó ti ṣẹ́. Ó rí bó ṣe rò ó gẹ́lẹ́.

"Kí lò ń wá nínú àgbá? Ewébẹ̀ yẹn ò tíì pé ogún ọjọ́."

Sugie fò sókè. Kinu ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti múra, ó ti dé fìlà òwú, ó tilẹ̀ ti kun ètè.

"Mo ní kí n wò ó bóyá omi ti yọ ni, Ìyá."

"Ẹni bá fẹ́ wo omi kì í yí òkúta kiri bí ẹni ń wo ìdí ọmọ. Jẹ́ ká máa lọ."

"Ìyá, òtútù mú gan-an lóde òní. Bóyá kẹ́ ẹ jókòó sílé. Mo ti ya fọ́tò, màá fi hàn yín."

"Mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Kí la ti ń fọ́tò ṣe nígbà tí ojú mi ò tíì fọ́?"

"Ọ̀nà ibẹ̀ ń yọ̀, Ìyá. Èrò sì pọ̀."

"Ìyàwó." Kinu wò ó látòkè délẹ̀. "Ọdún méjìdínlógójì la ti jọ ń gbé. O ò mọ irọ́ í pa. Tí o bá fẹ́ parọ́, imú rẹ a máa pọ́n. Kí lo rí níbẹ̀?"

Sugie jókòó sórí àpótí, ó gbé òkúta lé itan, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti kókó mẹ́fà tó ku márùn-ún. Ó sọ ti Kyushu àti ti ọwọ́ Nagira tó bó. Ó sọ ohun tí Obara sọ, àmọ́ ó fo èpè rẹ̀ dá. Ó ń sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà á pé kí arúgbó má lọ ṣubú lulẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀rín ni Kinu ń rín.

"Márùn-ún?" ló wí. "Mo ti máa ń rò pé mẹ́rin ni."

"Ẹ mọ̀?"

"Kí ló dé tí mi ò ní mọ̀? Ta lo rò pé ó sọ ọ́ ní Olorì, èmi? Ìyá ọkọ tèmi ni. Nígbà ogun, wọ́n ní kí wọ́n wa ihò sínú òkìtì, kí wọ́n lè sá pamọ́ sí tí ọkọ̀ òfuurufú bá dé. Bàbá ọkọ mi ń walẹ̀ lọ, ló bá kan òkúta. Ó fi òòlù lù ú, nǹkan yìí sì ṣẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ìyá wò ó, ó rí i pé ó rí roboto, ó ní yóò dára láti tẹ ewébẹ̀, ó gbé e wálé. Lọ́jọ́ kejì ibà kọlu ọkọ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rù bá ìyá. Ihò sì ti dí, kò lè dá a padà mọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó fún un lóyè, ó ń fún un lọ́tí. Ara ọkọ rẹ̀ yá. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá dá ẹ̀bẹ̀ náà dúró?"

Inú bí Sugie lójijì, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó ti wá. "Ọdún méjìdínlógójì, Ìyá! Ẹ sọ fún mi pé omi pọ́ọ̀mù ni! Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí, mo rò pé mi ò mọ nǹkan í fọ̀ ni. Ọdún kan wà tí mo sunkún sí i!"

"Mo rí ọ," ni Kinu wí jẹ́jẹ́. "Mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè sọ. Ìyá ti mú mi búra níwájú pẹpẹ àwọn tó lọ, pé Olorì ò ní ti ọwọ́ mi jáde nínú ilé yìí. Ó ní tó bá jáde, aráyé á pè wá ní olè ibojì títí ayé. Ó sì yẹ kí èmi náà mú ìwọ búra. Ọdún tí mo fẹ́ ṣe é ni Tadao kú. Mo wò ọ́ bó o ṣe jókòó síwájú òkú rẹ̀, mo ní ẹrù tọ́mọ yìí ń gbé ti tó. Mi ò bá ọ sọ ọ́ mọ́."

Òkúta náà tutù lórí itan Sugie.

"Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa," ni Kinu tún wí. "Èmi ti búra. Ọwọ́ mi kò lè mú un jáde. Ìwọ ò búra fún ẹnikẹ́ni. Mò ń lọ jókòó sínú ọkọ̀. Ohun tó o bá gbé bọ̀, tàbí tó o bá fi sílẹ̀, mi ò ní bi ọ́."

Ó yí padà, ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lọ.

Sugie ro ti Obara. Ó ro bí àwọn obìnrin tó ń bu tíì yóò ṣe dákẹ́ tí òun bá dé. Ó tún ro ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ bó. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a, èyí tiẹ̀ ti lọ ju ọgọ́rin lọ. Ó dìde, ó gbé òkúta lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣan èèrí kúrò lára rẹ̀, ó sì fi aṣọ aláwọ̀ aró tó dára jùlọ nínú àpótí rẹ̀ dì í.

Nígbà tí wọ́n dé òkìtì, aago mẹ́ta ti fẹ́ẹ̀ lù, àlejò ti lọ tán. Nagira ń ká okùn, Obara sì jókòó lábẹ́ àgọ́ ó ń mu tíì tó ti tutù. Sugie fi àga onítáyà ti Kinu dé etí ibojì, òkúta wà lórí itan arúgbó náà nínú aṣọ.

"Ìyá Sadakane!" Obara dìde, ó tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, mà. Àbí ẹ tún ti gbé oúnjẹ wá fún wa ni?"

"Bi ìyàwó mi," ni Kinu wí.

Sugie gbé e, ó tú aṣọ. "Ọmọ mi," ló wí fún Nagira, "jọ̀ọ́, wo èyí bá mi. Ilé wa ló wà. Òun la ti fi ń tẹ daikon. Èèyàn wa kan ló fọ́ ọ nígbà ogun. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí wa." Ó sì tẹrí ba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

Nagira bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gba òkúta náà bí ẹni gba ọmọ ìkókó, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Wọ́n rí i tó kúnlẹ̀ ti ìdérí. Ó yí òkúta sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó wá rọra tì í. Ó wọlé ṣinṣin. Ihò kankan kò ṣẹ́ kù láàárín wọn, àfi ilà tínńrín kan.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbé ojú sókè, omijé ti kún ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó ń rùn!" ló ké. "Ẹ wá gbọ́ òórùn rẹ̀! Daikon ọjọ́ Ẹtì ló ń rùn yìí!"

Sugie wojú Obara, ó ti múra sílẹ̀ de ohun tó bá fẹ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Alága fọwọ́ ra imú. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́.

"Nagira," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, "ṣé àwọn ìkòkò amọ̀ gígùn tí ò nídìí, tẹ́ ẹ ní wọ́n tò yí òkìtì ká láyé àtijọ́, ṣé… ṣé ó jọ ohun tí èèyàn lè máa ti agboòrùn bọ̀?"

Nagira gbójú sókè sí i.

"Ẹnu ọ̀nà ilé mi ló wà," ni Obara wí. "Bàbá bàbá mi ló gbé e wá. Méjì ni. Ìyàwó mi gbin òdòdó sí ìkejì."

Ẹ̀rín pa Kinu débi pé wọ́n ní láti di àga rẹ̀ mú kó má yí sínú ibojì. "Àwọn ará òdìkejì odò!" ló ń pariwo. "Ẹ bá mi pe àwọn ará òdìkejì odò wá, kí wọ́n wá wo olè!" Obara náà bú sẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ pọ́n. Sugie náà bá wọn rín in.

Nagira mú ìwé jáde láti kọ ohun tí wọ́n rí. Ó kọ ìwọ̀n rẹ̀, ó kọ ọjọ́. Ó wá dúró. "Màmá Àgbà, ó yẹ kí n kọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe látìgbà tó ti kúrò níbí. Kí ni kí n kọ?"

"Kọ ọ́ pé àwọn márùn-ún yòókù sùn," ni Kinu wí, "òun ṣiṣẹ́."

Nagira kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, Kinu kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé orí afárá. Ló bá fi ọ̀pá kan ilẹ̀ ọkọ̀. "Dúró níbí. Àgbá wà ní ìhòòhò, ewébẹ̀ á bàjẹ́. Sọ̀ kalẹ̀ lọ mú òkúta."

"Èwo, Ìyá?"

"Èmi lò ń bi? Ìyá ọkọ mi ló yan tiẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Èmi ò yan nǹkan kan rí. Lọ yan tìẹ."

Sugie sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò. Omi kò pọ̀, òkúta aláwọ̀ eérú ló kún ilẹ̀ lọ títí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko yẹn!" Kinu ti yọ orí sí ojú fèrèsé, ó ń fi ọ̀pá júwe. "Èyí tó rí roboto! Ṣó o fọ́jú ni?"

Sugie wò ó. Òkúta tó dáa ni. Ó fi í sílẹ̀, ó sì gbé èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó wọ́ lápá kan, tí ìka rẹ̀ sì wọ ibi tó wọ́ náà dáadáa. Ó gbé e gòkè, kò sinmi lọ́nà, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ìyẹn wọ́," ni Kinu wí.

"Ó wọ́, Ìyá. Ó bá mi lọ́wọ́ mu."

Kinu wo òkúta náà pẹ́, ó wá wo ìyàwó rẹ̀. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Kò lórúkọ," ni Sugie wí, ó sì ṣí ọkọ̀. "Kò sẹ́ni tó ń wá a."